Àpò Ìwé Dé, Ìwé Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi fi ìwé ẹ̀rí mi ránṣẹ́ láti Èkó nínú lẹ́tà rẹ́jísítà, nípasẹ̀ àpótí ìfìwéránṣẹ́ ìjọ wa ní Kàbà. Òfìfo àpò ni wọ́n gbé fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan pè mí pé òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni òun, pé kí n san owó sínú àkáǹtì òun kí n tó rí i gbà. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Owó ìjọba kì í wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ tọ́jú àpò náà dáadáa, nítorí ibi tí gọ́ọ̀mù tuntun ti bo ti àtijọ́, òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ó wà lórí sítáǹpù àti nọ́ńbà rẹ́jísítà ni ẹlẹ́rìí yín. Kí àbúrò yín mú rìsíìtì rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti fi í ránṣẹ́, kí wọ́n lè tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí ẹ̀yin náà kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kàbà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé, torí ẹ̀sùn ẹnu lásán kì í pẹ́ di ìgbàgbé. Ẹ fi nọ́ńbà ẹni tí ó pè yín tó ọlọ́pàá tàbí EFCC létí: lábẹ́ òfin jìbìtì ọdún 2006, ẹ̀wọ̀n ọdún 7, ó kéré tán, ni ti ẹni tí ó bá fi irọ́ gbowó, kò sì sí àyè láti san fáìnì dípò rẹ̀.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Ìwé ìkéde nìkan ni wọ́n ń fi sínú àpótí fún lẹ́tà rẹ́jísítà. Ẹni tí ó gba lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ní káńtà gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé. Ẹ béèrè ẹni tí ó buwọ́ lùwé náà.