Ohun tí ojú mi rí nídìí kíka aago méjì pọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò kúkú ní pe clock_gettime (iṣẹ́ tí ètò fi ń ka aago lórí Linux) lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún CLOCK_TAI (aago Linux tó ń tẹ̀ lé àkókò átọ́míìkì àgbáyé), ẹ̀ẹ̀kan fún aago inú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ tún ní bí ẹ bá fẹ́ ṣe syscall (ìpè tí ètò fi ń bẹ kernel, ọkàn Linux, níṣẹ́) tuntun tí yóò máa ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, báwo ló ṣe yẹ kó rí. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jìyà rẹ̀.

PTP (ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń mú aago wọn bára mu lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló ń tọ́ aago káàdì wa sọ́nà, a sì ń kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí aago Linux sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nanosecond (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) 830, 790, 845, 812. Ó ń lọ dáadáa. Lójijì, 4,012,377. Ìlà tó tẹ̀ lé e, 826. Ètò tó ń tún aago ṣe gba nọ́ńbà burúkú yẹn gbọ́, ó ti aago kúrò láyè rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. A pààrọ̀ wáyà, a pààrọ̀ káàdì, a ní iná ló fà á. Kò sí ohun tó ṣe aago kankan. Lẹ́yìn tí a ka ti àkọ́kọ́, tí a kò tíì ka èkejì, kernel gba CPU lọ́wọ́ wa, ó gbé e fún ètò mìíràn fún millisecond mẹ́rin, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin nanosecond. Òótọ́ ni aago méjèèjì sọ, àmọ́ àwa ni a kò bi wọ́n nígbà kan náà.

Nítorí náà, inú kernel ni iṣẹ́ yìí yẹ kó wà lóòótọ́. Ibi tí mo ti rí àwọn èèyàn tó ń ṣì í ni pé wọ́n gbà pé bí a bá ti kó aago mẹ́rin sínú syscall kan, a ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ó dá lórí aago wo ni.

CLOCK_REALTIME, CLOCK_MONOTONIC, CLOCK_BOOTTIME àti CLOCK_TAI, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Counter (ohun tó ń ka nọ́ńbà lọ láìdúró) kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ wọn (lórí x86, ìyẹn irú CPU Intel àti AMD, TSC tó wà nínú CPU ló sábà máa ń jẹ́), iye tí kernel ń fi kún un ló yàtọ̀. BOOTTIME ń ka àkókò tí ẹ̀rọ fi sùn, MONOTONIC kì í kà á. TAI ti fi ìṣẹ́jú àáyá 37 ṣáájú UTC (àkókò àgbáyé tí a ń lò lójoojúmọ́) láti January 2017, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ 37 yẹn fún kernel. Bí wọn kò bá sọ ọ́, òdo ló máa lò. Mo jìyà ìyẹn náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ka counter lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ṣírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú rẹ̀. Ìgbà kan náà gan-an ni wọ́n máa jẹ́, kò sí àníàní níbẹ̀.

Aago káàdì, ilé ọ̀tọ̀ ló ń gbé. Crystal tirẹ̀ ló ń mú un rìn, PCIe (ọ̀nà tó so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà) lẹ sì máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìrìn àlọ àti àbọ̀ náà lè tó microsecond kan. Ohun tí kernel lè ṣe ni kó fi aago kọ̀ǹpútà há a láàárín: ka ti kọ̀ǹpútà, ka ti káàdì, tún ka ti kọ̀ǹpútà. PTP_SYS_OFFSET_EXTENDED, ìpè kan tó ti wà nínú Linux, ti ń ṣe èyí, ó lè ṣe é títí dé ìgbà 25 nínú ìpè kan. Ká ní àlàfo láàárín ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn jẹ́ nanosecond 1,040. Bí ẹ bá mú àárín gbùngbùn rẹ̀, àṣìṣe yín kò lè ju 520 lọ. Bí àlàfo bá jẹ́ 61,000, ẹ dà á nù, wọ́n ti dá yín dúró lọ́nà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí syscall yín má ṣe ṣírò àárín gbùngbùn fún ẹni tó pè é. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó kó lé e lọ́wọ́. Bí kernel bá fún mi ní ìyàtọ̀ kan ṣoṣo, 4,012,377 àná ló tún fi aṣọ mìíràn bò mọ́lẹ̀ fún mi. Bí káàdì bá sì lè fi ohun èlò ara rẹ̀ mú àkókò méjèèjì pọ̀, bí PTP_SYS_OFFSET_PRECISE ṣe ń ṣe, kí syscall lò ó, kó sì sọ fún wa pé òun lò ó.

Ìyókù kò le. Ẹ fi nanosecond sínú nọ́ńbà bit 64, kí wàhálà ọdún 2038, nígbà tí nọ́ńbà bit 32 tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá máa kún, má bàa kàn yín. Ẹ fi àyè flags (fún àṣàyàn ọjọ́ iwájú) sílẹ̀, ẹ sì dá EINVAL (àṣìṣe tó ń sọ pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò bójú mu) padà bí kò bá jẹ́ òdo. Ẹ fi òpin sí iye aago tí èèyàn lè béèrè lẹ́ẹ̀kan.

Kí syscall yín tó délẹ̀, ẹ lo EXTENDED lónìí. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ mú èyí tí àlàfo rẹ̀ há jù, ẹ sì máa kọ àlàfo náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀. Láti ìgbà tí èmi ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí millisecond mẹ́rin yẹn mọ́.