Ibo ló yẹ ká tẹ pọ́ìǹtì sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ń fi pọlinómíà (bíi 2 + 3z + z²) rọ́pò fọ́ńṣọ̀n kan lórí onígun-mẹ́rin nínú pílánẹ̀ kọ́ḿpílẹ́ẹ̀sì, níbi tí pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ nọ́ńbà x + iy, tí i² jẹ́ −1. Mo to pọ́ìǹtì, ìyẹn ibi tí méjèèjì ti gbọ́dọ̀ dọ́gba, kún inú ẹ̀ lọ́gbọọgba, lóòró àti níbùú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi kún un tó ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bàjẹ́ sí i. Ẹnì kan ní kí n fi ọ̀nà Fekete yan pọ́ìǹtì, ẹlòmíì ní ti Leja. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Kẹ́ ẹ tó mú ìkankan, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo pọ́ìǹtì tó wà láàárín yẹn kúrò ná, etí ni kẹ́ ẹ tò wọ́n sí. Tí fọ́ńṣọ̀n yín ò bá ní pole kankan (ibi tó ti ń ga láìlópin) nínú tàbí lórí etí, ibi tí ìyàtọ̀ àárín òun àti pọlinómíà á ti pọ̀ jù, orí etí náà ni, kò lè jẹ́ inú, torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti mú etí dáadáa inú á tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀.

Ẹ ò sì ní tò wọ́n lọ́gbọọgba sí etí o! Ẹ mú ibì kan, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi àwọn nọ́ńbà yẹn lọ́po ara wọn: ohun tẹ́ ẹ bá rí ló ń darí ìyàtọ̀ níbẹ̀, ohun tá a sì ń wá ni pé kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yíká etí. Igun jìnnà sí ọ̀pọ̀ pọ́ìǹtì, ìyẹn ló fi ń ga níbẹ̀, àfi kẹ́ ẹ kó pọ́ìǹtì jọ sẹ́bàá ẹ̀. Bí iná mànàmáná ṣe ń sá lọ sí igun irin náà nìyẹn.

Carl Runge, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti fi hàn látọdún 1901. Ẹ mú 1/(1+25x²) láti −1 dé 1, kẹ́ ẹ pín pọ́ìǹtì lọ́gbọọgba, àárín á dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọjá nǹkan bíi 0.73 lọ sí ìparí, bí pọ́ìǹtì ṣe ń pọ̀ ni ó ń ya wèrè. Ẹni tó ń wo orí ìlà nìkan ò ní rí ohun tó fà á, torí orí i/5 àti −i/5 ni àwọn pole wà. Ètò pọ́ìǹtì Chebyshev, tó ń kó pọ́ìǹtì jọ sí ìparí méjèèjì, ò níṣòro yẹn.

Fekete ń yan gbogbo pọ́ìǹtì lẹ́ẹ̀kan, kí jíjìnnà wọn síra wọn, tá a bá fi lọ́po ara wọn, lè tóbi jù. Ó dáa lórí ìwé, àmọ́ ìṣirò ẹ̀ le, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ẹyọ kan kún un ẹ máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni. Èmi ò ní yọ ara mi lẹ́nu. Leja ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí jíjìnnà sí àwọn tó ti mú, tá a bá fi lọ́po ara wọn, ti tóbi jù ló ń mú tẹ̀ lé e: láti −1 dé 1, tẹ́ ẹ bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, −1 ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ 0, lẹ́yìn ìyẹn nǹkan bíi 0.577 tàbí òdì ẹ̀. Fún tiyín, ẹ ṣẹ́ etí sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣà á níbẹ̀, ẹ sì fi fọ́ọ̀mù Newton, èyí tẹ́ ẹ lè fi pọ́ìǹtì kún láìtún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kọ pọlinómíà náà. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ kan onígun-mẹ́rin yẹn di bíi 1.69 ná o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn á wú kọjá agbára kọ̀ǹpútà tàbí kí wọ́n rá sí 0.

Tí pole bá wà nínú ńkọ́? Kò sí pọ́ìǹtì tó lè gbà yín. Ẹ wo 1/z lórí òbìrìkìtì tí rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ 1, níbi tí pípín lọ́gbọọgba ti dáa jù lọ: pọ́ìǹtì mẹ́rin, 1, i, −1, −i, á fún yín ní z³, ṣùgbọ́n láàárín méjì tó tẹ̀ léra, z³ jẹ́ òdì 1/z gẹ́lẹ́, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2. Ẹ sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún pọ́ìǹtì, 2 náà ni. Ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ bá rí báyìí, kó fi pọlinómíà sílẹ̀, kó fi pọlinómíà kan pín òmíì.