Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó

Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè bóyá kí àwọn dín owó ẹ̀kọ́ òwò kù torí pé oníbàárà àwọn ní Òṣogbo kì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Èmi dín in kù láti ₦15,000 sí ₦8,000. Èrò ò pọ̀ sí i, owó epo jẹnẹrétọ̀ ló wọ́n mi.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń kọ́ èèyàn nígbà náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ògo-Olúwa: ìrẹsì, ìwé ẹ̀rí, fọ́tò. Wọ́n á ṣàdúrà fún wa, ó parí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n kógbá wọlé, mo lọ kí ìyá kan tó gba ìwé ẹ̀rí wa, ní Ọjà Ọba. Wọ́n ti fi gíláàsì bo ìwé náà, ó wà lára ògiri. Àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni mo wò: ṣọ́ọ̀kì funfun látòkè délẹ̀, orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó ọṣẹ àti ṣúgà. Wọ́n ní, "Tíṣà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa ló dáa. Ẹ ṣáà ò kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń sọ fún àbúrò ọkọ ẹ̀ pé kò sí àwìn mọ́."

Ẹnu mi wọhò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí àpótí nínú ọjà yẹn, tí mò ń wò wọ́n. Owó ọjà àti owó ọbẹ̀, báàgì kan náà. Àlẹ́ẹ̀tì owó tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́, fóònù ọmọ tó wà níléèwé ló ń wọ̀!

A wá sọ ẹ̀kọ́ di wákàtí kan àtààbọ̀, láàárọ̀, nínú ọjà gan-an. Àwìn la kọ́kọ́ kọ́. Ẹnì kan á ṣe àbúrò ọkọ, ẹlòmíì á ṣe ọlọ́jà, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Olùkọ́ wa méjì fi wá sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kàwé láti máa pariwo láàárín ata. Iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ gbọ̀ngàn àti báńnà náà bọ́ lọ́wọ́ wa, ọdún kan gbáko la fi jìyà ẹ̀. A tún lọ fi kíláàsì àwọn aládìrẹ sí oṣù Kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun tí ọjà wọn ń tà jù! Èèyàn méjì ló wá, ọ̀kan nínú wọn wá gba àga tó yá wa ni.

Ẹ wá márùn-ún kàn nínú àwọn tí kò padà wá. Ẹ má béèrè bóyá ẹ̀kọ́ yín dáa o, wọ́n á ní ó dáa. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ń kọ gbèsè sí hàn yín.