Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ṣé Orí Ẹni Tó Ń Ṣọlọ́pàá Lọ́fẹ̀ẹ́ Pé?

Lẹ́tà tó dé sọ́dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àbọ̀ṣẹ́ pọ̀ díẹ̀, àwọn tó máa ń fi Sátidé àti Sọ́ńdè wọn ṣọlọ́pàá ládùúgbò lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀.

*"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, wíkẹ́ńdì nìkan, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀ fóun. Mo ní háà! Ṣé ẹni tórí ẹ̀ pé ló ń lọ wọṣọ ọlọ́pàá lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọmọ jàgùdà lè gún un lọ́bẹ? Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." – Ìyàwó ilé*

Ẹ fọkàn balẹ̀ ìyá, orí bàbá pé. Nǹkan yìí ti pẹ́ láyé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1831 ni wọ́n ti ṣòfin tó dá wọn mọ̀, nígbà tí ìjọba ń bẹ̀rù pé rògbòdìyàn fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní London lọ́dún 1848 ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n búra fún, Louis-Napoleon wà nínú wọn, òun náà ló padà wá di olú ọba ilẹ̀ Faransé, ẹ ò rí i pé àwọn èèyàn ńlá ni ọkọ yín fẹ́ bá rìn (ṣeréṣeré ni o). Singapore ti ní tiwọn láti 1946, ó wà ní Amẹ́ríkà, Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní Nàìjíríà náà fàyè gbà á.

Òótọ́ ló sọ nípa owó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn kì í sanwó oṣù, owó ọkọ̀ àti ìnáwó kéékèèké tó bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń dá padà fún un. Àwọn ibòmíì wà tí wọ́n máa ń fún wọn ní nǹkan díẹ̀ lórí wákàtí, àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn lè fi gbọ́ bùkátà.

Èmi ò rò pé owó ló yẹ kẹ́ ẹ máa bá a jà lé lórí ṣá, àsìkò ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n á ní wákàtí mẹ́rìndínlógún lóṣù, ìyẹn wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ̀yin náà á ní ṣebí kékeré nìyẹn. Tréníìnì ṣì wà kó tó kan ìyẹn o, ó lè gba ọ̀pọ̀ wíkẹ́ńdì kí wọ́n tó ní kó jáde síta. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀, ṣíìfù tó yẹ kó parí ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n lè mú ẹnì kan ní mẹ́sàn-án àbọ̀, ó di kó mú un dé téṣàn, kó ka ohun tó wà nínú báàgì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi dórí okùn ṣájà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá jókòó kọ sítétímẹ́ǹtì, ilẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kó tó wọlé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kóòtù á ní kó wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Túsìdeè tí ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ń retí ẹ̀. Torí náà ẹ bi í léèrè bóyá ó ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ wọn fún un, wọ́n á tún sanwó ọjọ́ yẹn. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò bá a lọ rárá, ẹni tó jẹ́ adájọ́ magistrate ò lè máa mú èèyàn lálẹ́ kó tún máa dá ẹjọ́ láàárọ̀, àwọn tó ń ṣe sìkiọ́rítì lẹ́nu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù náà, ó ṣòro kí wọ́n tó gbà wọ́n.

Ti ọ̀bẹ tẹ́ ẹ sọ, ewu ẹ̀ wà, mi ò ní tàn yín. Wọ́n á fún un ní ẹ̀wù tí ọ̀bẹ ò lè tètè gún wọlé, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa gbèjà ara ẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ jù ú lọ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn ni kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má bàa wọlé, fún wákàtí márùn-ún, nínú òjò, kí ìtọ̀ sì tún máa gbọ̀n ọ́n. Ẹ sọ ìyẹn fún un kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Tó bá ṣì lóun fẹ́, ẹ jẹ́ ó lọ.

*"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Ṣé àwọn ọlọ́pàá wíkẹ́ńdì yìí lágbára lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń fi yunifọ́ọ̀mù ṣe fáàrí? Ṣé wọ́n ń fún wọn níbọn?" – Ẹ má dárúkọ mi*

Àbúrò, ó dá lórí ìlú tó o wà. Ní England àti Wales, agbára tí ọlọ́pàá tó ń gbowó oṣù ní náà ni special constable (orúkọ tí wọ́n ń pe ọlọ́pàá àbọ̀ṣẹ́ níbẹ̀) ní, ó lè mú èèyàn, ó lè yẹ ara èèyàn wò tí òfin bá ti fàyè gbà á, àti láti 2007 agbára yẹn ti kárí gbogbo England àti Wales, kì í ṣe àgbègbè ẹ̀ nìkan. O ò sì lè sọ pé o ti bọ́ aṣọ kí o máa wòran nígbà tí wọ́n bá ń lu èèyàn lójú ẹ, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹ. Wákàtí ẹ ló kéré, agbára yẹn ò kéré.

Ti ìbọn, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ò gbébọn, kí làwọn àbọ̀ṣẹ́ fẹ́ fi ṣe? Ti Singapore ń gbé e. Ní Amẹ́ríkà ìpele ìpele ni, bí tréníìnì ẹ bá ṣe tó lagbára ẹ ṣe máa tó, Shaquille O'Neal tó gbá basketball nígbà kan náà ti ṣe reserve officer (ọlọ́pàá àbọ̀ṣẹ́ tiwọn nìyẹn) rí, ó lọ sílé ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n tó búra fún un. Àmọ́ jẹ́ n sọ èyí tí kò dùn ún gbọ́ fún ẹ. Ní April 2015, ní Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, reserve deputy kan tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin wà níbi tí wọ́n ti fẹ́ mú ọkùnrin kan, wọ́n ti dá ọkùnrin yẹn mọ́lẹ̀, bàbá yìí ní Taser, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná gbọn èèyàn, lòun fẹ́ yọ, ìbọn gidi ló yọ, ó yìn ín, ọkùnrin yẹn sì kú. Wọ́n rán bàbá náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ariwo wá sọ lórí tréníìnì tó gbà, bóyá ó gbà á lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń tún nǹkan kan náà kọ́ ẹ títí tó fi sú ẹ, irú ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń wò. Tó bá jẹ́ ìbọn ló ń wù ẹ́, jọ̀ọ́ má gba fọ́ọ̀mù.

*"Mo ti ń ṣe é bí ọdún kan báyìí. Ẹgbẹ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ mú ọmọ aládùúgbò mi, èmi kọ́ ni mo mú un àmọ́ mo wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ ò kí mi mọ́. Ẹlòmíì tún wá bá mi pé kí n bá òun yẹ kọ̀ǹpútà téṣàn wò bóyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun ti lọ sẹ́wọ̀n rí. Ọ̀rẹ́ mi ni o." – Ó ti sú mi*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Tiyín ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí àwọn tó ń polówó iṣẹ́ yìí kì í sọ ọ́. Wọ́n á ní ẹ wá sin àdúgbò yín, wọn ò ní sọ pé àdúgbò yẹn náà ni wọ́n máa rán yín sí.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti kọ̀ǹpútà. Rárá ni ìdáhùn. Kì í ṣe pé ẹ máa wò ó díẹ̀, kì í ṣe pé ẹ ò ní sọ orúkọ. Gbogbo ẹni tó bá wọ inú ẹ̀rọ yẹn ni ó máa ń ní àkọsílẹ̀, ọjọ́ tó wò ó, aago tó wò ó, ẹni tó wò. Ọlọ́pàá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti pàdánù iṣẹ́ torí irú ẹ̀, àwọn kan dé kóòtù. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé "wọ́n á lé mi, wọ́n á tún fẹ̀sùn kàn mí," kẹ́ ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà tó bófin mu wà, ní England àti Wales fún àpẹẹrẹ, ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ lórí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹ̀ pé ó lè máa lu obìnrin, ó lè lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá fúnra ẹ̀, àwọn ni wọ́n máa wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n sọ, ọmọ náà gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń sọ ọ́ fún. Tó bá bínú, ẹ jẹ́ ó bínú.

Ti ìyá ọmọ yẹn, ẹ má lọ ṣàlàyé ẹjọ́ fún un, bó ti wù kí àánú ẹ̀ ṣe yín tó, ẹ ò láṣẹ ẹ̀. Kí i tẹ́ ẹ bá rí i. Kò dáhùn, kí i lọ́jọ́ kejì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tètè ṣe ni pé kẹ́ ẹ sọ fún sájẹ́ńtì yín pé ẹ mọ ìdílé yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má fi yín sínú ẹjọ́ náà mọ́. Tí wọ́n bá lè máa rán yín sí apá ibòmíì ìlú, ẹ béèrè fún un, kì í ṣe ìtìjú rárá. Àwọn tó ń kanlẹ̀kùn yín lálẹ́ náà, mo mọ̀ pé wọ́n wà bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà téṣàn. Parí ẹ.

*"Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ṣé kò ti pẹ́ jù?"*

Bàbá, ẹ béèrè iye ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín, ara líle ni wọ́n sì máa wò jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa sáré mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ bọ̀, kẹ́ ẹ máa bá ohùn ẹ̀rọ kan rìn tó ń yára sí i, títí dé ìpele 5.4, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ wọ bàtà kànfáásì kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Tí orúnkún bá kọ̀, àwọn afínnúfíndọ̀ míì wà ní téṣàn tí kì í mú èèyàn, wọ́n ń gba tẹlifóònù, wọ́n ń to ìwé, wọ́n ń wo kámẹ́rà. Ẹ dé kàǹtà, ẹ bi wọ́n èwo ni wọ́n nílò.