Ògiri Àjà Ilẹ̀ Ń Rin, Ẹ Sì Fẹ́ Ta Ilé? Ẹ Má Tíì Ra Ọ̀dà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ta ilé wa ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Amẹ́ríkà, kí ìgbà òtútù tó dé. Àjà ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé (basement), ń rùn bí aṣọ tí wọn ò sá gbẹ. Lẹ́búlẹ́bú funfun wà lára ògiri búlọ́ọ̀kù níhà ẹ̀yìn, bí òjò ńlá bá sì rọ̀, ilẹ̀ máa ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Ẹnì kan ní ká kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kómi wọlé, ká sì dákẹ́. Ṣé ìyẹn tó? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Kò tó, Ìyá Ìbejì. Iyọ̀ inú búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni lẹ́búlẹ́bú yẹn. Omi tó ń gba inú ògiri kọjá ló ń wẹ̀ ẹ́ bọ̀. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù lójú ògiri. Ẹ wo ibi tó ga dé, ibẹ̀ ni omi ń gùn dé. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé e, omi á máa tì í láti ẹ̀yìn, á lé ròrò bí awọ tí omi gbígbóná jó, á sì ṣí. Ẹni tí oníbàárà bá mú wá yẹ ilé wò á ti ibẹ̀ fura sí yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ínṣì 18 níbùú, 18 lóròó. Ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ fi téèpù lẹ etí ọ̀rá náà mọ́ ọn yíká láìfi àyè sílẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sójú ọ̀rá tó kọjú sí yín, inú afẹ́fẹ́ ilé ni ọ̀rinrin ti wá. Bó bá jẹ́ àárín ọ̀rá àti ògiri ló tutù, láti ìta ni. Ẹ lè rí méjèèjì pọ̀.

Tó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, fèrèsé ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré ṣí, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ní àjà ilẹ̀ Maryland lóṣù Keje, ìpalára nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi á wọlé, á kan ògiri tútù, á sì di omi, bí ara ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde. Ẹ ti fèrèsé, ẹ tan dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́, kí ọ̀rinrin má kọjá ìdá 50 nínú 100 lójú mítà tó ń wọn ọ̀rinrin.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ jọ ti ìta. Ẹ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ páìpù gọ́tà. Bí òrùlé bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tó fẹ̀ ní 25, òjò ínṣì kan ṣoṣo á da nǹkan bí 620 gálọ́ọ̀nù omi sórí rẹ̀. Bí páìpù bá ń tú u sídìí ògiri, ibo lẹ rò pé yóò gbà? Ẹ kó ewé inú gọ́tà kúrò, ẹ fa páìpù náà gùn kó gbé omi jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bu amọ̀ sídìí ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ilẹ̀ máa rẹlẹ̀ lọ bó ṣe ń jìnnà sí ilé, ní ínṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ má lo yanrìn, omi á là á kọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí amọ̀ kan pákó ara ilé, nítorí ikán. Ẹ wá dúró de òjò ńlá méjì kẹ́ ẹ tó náwó sí nǹkan mìíràn.

Ibi tó sán tó ṣì ń jò, hydraulic cement, sìmẹ́ńtì tó ń yára gan kódà nínú omi, ni ẹ ó fi dí i. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀, kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu lọ bíi ti ìkòkò, kí ohun tí ẹ fi dí i má baà yọ. Ìkúnwọ́ kan ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, torí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ó ti gan. Tó bá jẹ́ pé ìlà náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, tí ògiri sì wú sínú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ìta ló ń ti ògiri, ẹnjiníà ni kẹ́ ẹ pè.

Bí omi bá ṣì ń yọ níbi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀ sókè. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe nìyẹn: páìpù oníhò nínú òkúta wẹ́wẹ́ yíká ẹsẹ̀ ògiri, tó ń darí omi sí kòtò tí pọ́ǹpù wà. Ẹ ní kí wọ́n fi fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà sí i, àti bátìrì, torí ìgbà tí ìjì bá ń jà ni iná máa ń lọ. Ẹ da gárawá omi sínú kòtò náà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé ó ń fà á.

Ní ti pé kẹ́ ẹ dákẹ́, a bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Fọ́ọ̀mù tí Maryland ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ béèrè nípa omi inú àjà ilẹ̀ gan-an. Kódà bí ẹ bá yàn láti tà á bó ṣe wà, àbùkù tí ẹ mọ̀, tí ojú oníbàárà ò lè rí, tó sì lè ṣe ìlera tàbí ẹ̀mí ní jàǹbá, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe.

Ìbéèrè: Ilé ilẹ̀ ni tèmi, ní Ìkòròdú. Ọ̀dà ń ṣí nísàlẹ̀ ògiri lọ́dọọdún. — Bàbá Àgbà

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ wo ìta kẹ́ ẹ tó wo inú. Tí wọ́n bá ti da ilẹ̀ kún àyíká ilé títí tó fi ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, ọ̀rá tí bíríkìlà tẹ́ sábẹ́ búlọ́ọ̀kù ò wúlò mọ́, omi ti gba òkè rẹ̀ wọlé. Ẹ ní kí wọ́n wa ilẹ̀ náà kúrò títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ti inú lọ ní ínṣì 6. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n ha pílásítà àtijọ́ dé ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ògiri gbẹ dénú kí wọ́n tó rẹ́ ẹ lọ́tun.