Ọjọ́ mélòó ni omi èso tí a fún nílé lè lò kó tó bàjẹ́?

Ọjọ́ 2 sí 3 ni nínú fìríìjì tó tutù dáadáa (4°C). Níta, kó má ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru ọ̀sán Òṣogbo bá kọjá 32°C, wákàtí 1 ti tó.

A kò sè é bíi ti inú páálí, nítorí náà kòkòrò àìfojúrí tó wà lára èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí kárọ́ọ̀tì tí a rà ní Ọjà Ọba lè bá ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó bó wọn. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bá fún sí i kò lè pa gbogbo kòkòrò náà. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ, ẹ dà á nù.

Aboyún, ọmọdé àti arúgbó ní tiwọn: kí wọ́n sè é kí wọ́n tó mu ún.