Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ló lè sọ ohun tó fa ikọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Láàbù kan yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní taifọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ 1/160, pé òun ló wọ̀ ọ́ láyà. Láàbù kejì ní ká wá ṣe CRP, pé ìyẹn ló máa fi hàn bóyá bakitéríà ni. Èwo ni ká ṣe? Owó ò sí níta.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o, mà. Ara wọn á yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé 1/160 yẹn kúrò lọ́nà. Àyẹ̀wò Widal ni wọ́n ṣe. Ohun tó ń wá ni àmì pé ara ti bá kòkòrò taifọ́ọ̀dù tàbí ìbátan rẹ̀ pàdé rí. Nílùú tí taifọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tí nǹkan kan ò ṣe lè ní iye yẹn lára. Àyẹ̀wò náà kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ó sì máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ẹni tó ń wúkọ́ tó gbé ìwé Widal dání, tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan gba abẹ́rẹ́ tí kò bá àìsàn rẹ̀ mu.

CRP sàn jù ú lọ. Bí ara ṣe ń jà ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ fún wa. Orúkọ ẹni tó ń bá a jà kì í sábà hàn níbẹ̀. Purotéènì kan ni CRP, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é sínú ẹ̀jẹ̀ bí ara bá ń jà. Lára àwọn tó ní òtútù àyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà ní 1930. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á sì tó bí ọjọ́ méjì kó tó dé góńgó. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014 ni pé bí kò bá tó 20 mílígíráàmù nínú lítà kan, kí dókítà má sáré kọ òògùn apakòkòrò. Bó bá ju 100 lọ, kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibà náà ń gbé CRP sókè. Nítorí náà, níbí, ẹni tí kò tíì yẹ ibà wò kò lè fi CRP nìkan dájọ́. Bí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà wọn tí ọkàn rẹ̀ ṣì pín, ìgbà yẹn ló wúlò. Bákan náà ni kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun: 4,000 sí 11,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan ló yẹ, bó bá sì lé, ó ń fura ni, kò tíì mú ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò lè dárúkọ kòkòrò, àmọ́ ó lè gba ọjọ́ márùn-ún, a sì gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n tó lo òògùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní òtútù àyà ni kòkòrò wọn kò dé inú ẹ̀jẹ̀ rárá.

Ní tèmi, àyẹ̀wò kẹ́lẹ́bẹ̀ ni kí ẹ náwó ọkọ̀ lé lórí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́ tó bá sì pé ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ikọ́ fée. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀jẹ̀ wá ikọ́ fée fún yín. Láti 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká má lò ó mọ́. Láàárọ̀, kí wọ́n fi omi yọ ẹnu, kí wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí wọ́n wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Èyí tó ki tó sì ń fà la fẹ́. Itọ́ oníhòhò tí àwọn èèyàn máa ń gbé wá fún mi kò wúlò.

Bí wọ́n bá ń mí tó ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá já gaara mọ́, ẹ má dúró de láàbù kankan, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED kíákíá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, ibà Lassa sì wọ́pọ̀ níbí: bí ara gbígbóná náà bá kọ̀ lẹ́yìn òògùn ibà, tí ọ̀fun sì ń dùn wọ́n, ẹ dárúkọ Lassa fún dókítà. Àyẹ̀wò tirẹ̀ dá yàtọ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo páálí òògùn tí wọ́n ti lò dání.